Iná, Omi àti Ojú Ènìyàn: Bí Kámẹ́rà Ṣe Ń Jẹ́rìí ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá tan Iná Olójúmẹ́rìndínlógún níwájú ààfin Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, kámẹ́rà tí a fi sí ọ́tò máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Iná yìí ni gbogbo ètò alẹ́ náà dá lé. Ojú mẹ́rìndínlógún ló ní, òwú àti epo ló ń jó lójú kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kábíyèsí a jáde, a jó yí i ká, tòun ti àwọn olorì, ìjòyè àti olórìṣà. Ṣùgbọ́n ọ́tò kò mọ ọdún. Òkùnkùn ló rí, ó sì gbà pé òkùnkùn kò dára, yóò wá sa gbogbo ipá rẹ̀ láti lé e lọ. Sánmà á di eérú. Ojú iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún á pò pọ̀ di àbàwọ́n funfun kan tí kò ní àwọ̀ iná mọ́. Bí ayàwòrán bá tún gbé iná LED ńlá kalẹ̀ kí àwòrán rẹ̀ lè mọ́lẹ̀ dáadáa, ọ̀ràn ti bàjẹ́ tán: iná àlejò ti borí iná ọdún, ẹni tó bá wo fíìmù náà kò sì ní mọ ìdí tí ìlú fi pé jọ.

Fíìmù dọ́kúmẹ́ńtárì ni mò ń sọ, ìyẹn fíìmù tó dá lórí ènìyàn gidi, ìlú gidi àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó ń ṣe é kò lè fi ọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu, kò sì lè ní kí ohun tó ti kọjá padà wá. Ìwọ̀nba ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni ibi tó dúró sí, ìmọ́lẹ̀ tó lò, àti bí ó ṣe to kámẹ́rà rẹ̀. Inú ìwọ̀nba yìí ló ti ń sọ̀rọ̀. Kò sí ètò kámẹ́rà tí kò ní ìtumọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ẹ̀rí tí a ń jẹ́ nípa àwọn tí a yà. Ẹni tó bá sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa dá a ṣe ti gbà kí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà, tí wọn kò dé Òṣogbo rí, máa jẹ́rìí lórúkọ òun.

Ohun mẹ́rin tí a ń tò

Èkíní ni ihò lẹ́ǹsì, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Àwọn nọ́ńbà rẹ̀ ni f/1.4, f/2, f/2.8, f/4, f/5.6, f/8, f/11 àti f/16. Bí nọ́ńbà ṣe ń kéré ni ihò ń fẹ̀. Bí a bá sì kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á dín kù sí ìdajì. Ihò fífẹ̀ a máa mú ohun kan ṣoṣo yọ kedere, a sì máa sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di bàìbàì. Ihò tóóró a máa mú iwájú àti ẹ̀yìn hàn pọ̀. Bí a bá fi f/2 ya aládìrẹ kan ní Òṣogbo, ọwọ́ rẹ̀ àti ìyẹ́ adìyẹ tó fi ń ya ẹ̀kọ sí aṣọ la ó rí. Ohun tí àwòrán náà sọ ni pé ọwọ́ ẹni yìí ni ọgbọ́n náà wà. Bí a bá fi f/8 yà á, ìkòkò aró, aṣọ orí okùn àti àwọn ọmọṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò hàn. Àwòrán náà wá ń sọ pé agboolé kan ló ń ṣiṣẹ́ náà, láti ìran dé ìran. Òótọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà.

Èkejì ni ìyára ṣọ́tà, ìyẹn bí àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé ṣe gùn tó. Fídíò tí à ń ṣe níbí sábà máa ń ní àwòrán 25 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣọ́tà 1/50 ìṣẹ́jú àáyá ló sì bá a mu, torí ó ń jẹ́ kí ìrìn ènìyàn rí bí ojú ṣe ń rí i. Ó tún wúlò lọ́nà mìíràn. Iná mànàmáná Nàìjíríà ń lọ ní 50 hertz, gílóòbù sì ń ṣẹ́jú nígbà 100 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ṣọ́tà bá wà ní 1/50 tàbí 1/100, ṣíṣẹ́jú gílóòbù náà kò ní hàn nínú àwòrán. Ẹ̀kẹta ni ISO, èyí tó ń fún ìmọ́lẹ̀ tó ti wọlé lágbára. Bí a bá gbé e sókè jù, àwòrán á kún fún èérún wẹ́wẹ́. Ẹ̀kẹrin ni white balance, tó ń sọ fún kámẹ́rà ohun tí yóò kà sí funfun. Kelvin la fi ń wọ̀n ọ́n: iná epo wà ní nǹkan bí 1900, gílóòbù àtijọ́ ní nǹkan bí 2800, oòrùn ọ̀sán ní nǹkan bí 5600, abẹ́ ìbòòji a sì máa kọjá 7000.

Kí alẹ́ jẹ́ alẹ́

Ẹ jẹ́ ká padà sí iwájú ààfin. Lórí kámẹ́rà òde òní, f/2, ṣọ́tà 1/50 àti ISO láàrin 1600 sí 3200 yóò ríran lábẹ́ Iná Olójúmẹ́rìndínlógún láìsí iná mìíràn. Ti white balance gba ìrònú. Bí a bá tò ó sí 1900 gan-an, kámẹ́rà á ka iná epo sí funfun, pípọ́n rẹ̀ á sì ṣá. Bí a bá tò ó sí 5600, ohun gbogbo á pọ́n ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ní nǹkan bí 3000, iná á pọ́n bí iná, ara ènìyàn á sì wà bí ara ènìyàn. Ojú àwọn tó sún mọ́ iná ni kí a fi wọn ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe iná fúnra rẹ̀. Ibi tó bá ṣókùnkùn, kí a jẹ́ kó ṣókùnkùn.

Ibi tí a dúró sí tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí iná bá wà láàrin àwa àti àwọn oníjó, ojú wọn á mọ́lẹ̀, a ó sì rí ìdùnnú àti ìbẹ̀rù ọlọ́wọ̀ tó wà níbẹ̀. Bí àwọn oníjó bá wà láàrin àwa àti iná, òjìji wọn la ó rí, tí ìmọ́lẹ̀ yí etí wọn ká, ìlú yóò sì hàn bí ara kan ṣoṣo. Iná a tún máa ṣètò àwọn ènìyàn fúnra rẹ̀: ẹni tó bá jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà ló ń kàn án. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń wo fíìmù á mọ ibi tí àárín ọdún wà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Gbogbo èyí ni iná LED kan ṣoṣo lè gbà lọ́wọ́ wa.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ti ń dán òtítọ́ wò. Ní 1922, Robert Flaherty gbé Nanook of the North jáde, fíìmù nípa àwọn Inuit ní àríwá Kánádà. Inú ilé yìnyín wọn ṣókùnkùn, ó sì há jù fún kámẹ́rà ìgbà náà. Wọ́n kọ́ èyí tó tóbi, wọ́n gé apá kan rẹ̀ kúrò kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lè wọlé, a sì ń wo ìdílé tó ń sùn, tó ń jí, nínú ilé tí kò ní ògiri kan. A lè lóye ohun tó fa ìyẹn fún Flaherty. Kámẹ́rà tirẹ̀ kò lè ríran lábẹ́ àtùpà. Tiwa lè ríran, nítorí náà àwáwí wa kéré sí tirẹ̀.

Ojú dúdú àti aṣọ funfun

Ní ọjọ́ tí ọdún Ọ̀ṣun bá kún, aṣọ funfun ló pọ̀ jù lára àwọn olórìṣà. Wàhálà mìíràn dé nìyẹn. Mítà inú kámẹ́rà gbà pé bí a bá pò gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, àwọ̀ eérú ni yóò jẹ́, èyí tó ń dá ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Bí aṣọ funfun bá kún inú àwòrán, mítà á rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, á fà á wálẹ̀, ojú àwọn tó wọ aṣọ náà á sì rì sínú òkùnkùn. Kùrukùru oṣù Ògún (oṣù kẹjọ), tí ọdún náà ń bọ́ sí, lẹ́yìn orí ènìyàn a máa ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Bí a bá sì sún mọ́ ojú dúdú kan débi pé òun nìkan ló kún inú àwòrán, mítà á gbé e sókè títí ara tó ń dán á fi dà bí èyí tí a fi eérú pa.

Àìsàn yìí pẹ́ lára ẹ̀rọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí àwọn ilé ìfọ̀fótò ní Amẹ́ríkà fi ń tún àwọ̀ ṣe, tí wọ́n ń pè ní Shirley, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀. Ohun tó bá mú awọ tirẹ̀ dára ni wọ́n kà sí èyí tó tọ́. Ẹ̀hónú àwọn tó ń polówó ṣokoléètì àti àga onígi, tí àwọ̀ ọjà wọn kì í jáde dáadáa, wà lára ohun tó sún Kodak, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù kámẹ́rà, láti ṣe àtúnṣe. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí olùdarí fíìmù Jean-Luc Godard lọ ṣiṣẹ́ ní Mòsáńbíìkì, ó kọ̀ láti lo fíìmù Kodak, ó ní kò ṣe ẹ̀tọ́ fún aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀rọ ti yàtọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n mítà ṣì ń ronú eérú.

Ojú ni kí a wọ̀n, kí a fi aṣọ sílẹ̀ kó funfun dé ibi tó bá lè dé láìpàdánù ìṣẹ́po rẹ̀. Kí a sì mọ̀ pé dídán ni awọ dúdú fi ń hàn. Ìmọ́lẹ̀ tó gbòòrò, tó rọ̀, tó ti ẹ̀gbẹ́ wá, a máa tàn lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí, ojú á sì ní ìrísí. Ilà ojú àgbà tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀kánkán pa rẹ́, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló ń mú un jáde. Ní oṣù Ògún, oòrùn ọ̀sán Òṣogbo fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí gan-an, a sì máa sọ ihò ojú ènìyàn di kòtò dúdú. Ẹni tó bá ya àlejò tàbí olórìṣà ní agogo méjìlá ní gbangba, kó má bínú bí wọ́n bá jáde bí ẹni tí inú ń bí.

Igbó Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ tó dára jù fún èyí. Hẹ́kítà 75 ni, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ìmọ́lẹ̀ tó gba àárín ewé kọjá rọ̀, ó ń bọ́ sílẹ̀ ní abala abala, kò sì dúró lójú kan. Àwọn ère tí Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn bíi Adébísí Àkànjí, Kasali Akangbe àti Buraimoh Gbadamosi ṣe síbẹ̀, ọwọ́ ló mọ wọn, ipa ọwọ́ sì wà lára wọn. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó dagun ló ń fi ipa náà hàn. Fíláàṣì tí a yìn lọ́kànkán á sọ iṣẹ́ ọdún gbọọrọ di ògiri lásán.

Inú ilé kan ní Iléṣà

Ká sọ pé a fẹ́ ṣe fíìmù nípa àwọn òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri ìlú láwìn, tí wọ́n sì ń padà lọ gba owó wọn. Bàbá àgbà kan tó ṣe iṣẹ́ náà rí gbà wá sílé ní Iléṣà. Kí a tó tú ẹrù wa, ìkíni ló kàn, ká dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ká sì tọrọ àyè: "Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a lè ṣí fèrèsé yìí? A tún fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ sún àga yín díẹ̀." Ẹni tó bá gbé iná síwájú àgbà láìtọrọ àyè yóò rí ìtìjú rẹ̀ lójú wọn nínú fíìmù.

Fèrèsé ni iná wa. Kì í pariwo bíi jẹnẹrétọ̀, kò sì bìkítà bóyá iná mànàmáná dé. Bàbá jókòó kí fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn, a sì ta aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun sí ẹ̀gbẹ́ kejì kó lè dá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà. Bí a ṣe ń sún aṣọ náà mọ́ wọn tàbí tí a ń fà á sẹ́yìn ni a ń pinnu ìtumọ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ ní ìlọ́po méjì, ojú náà ń sọ pé ara tu òun, kò sí ohun tí òun ń fi pa mọ́. Ní ìlọ́po mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ti wúwo. Ní ìlọ́po mẹ́jọ, ìdajì ojú ti wọ òkùnkùn, ẹni tó ń wò á sì máa fura tàbí kó máa kẹ́dùn. Òkùnkùn yẹn lè bá ìtàn ikú ọmọ mu. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ń sọ bí wọ́n ṣe fi owó aṣọ kọ́lé, tí wọ́n sì fi rán ọmọ níléèwé, tí a wá fi wọ́n sínú òkùnkùn nítorí pé ó lẹ́wà, a ti sọ oníṣòwò di afurasí láìsọ ọ̀rọ̀ kan.

Gíga kámẹ́rà náà ń sọ̀rọ̀. Ayàwòrán Pierre Verger, tí a mọ̀ sí Fátúmbí, lo kámẹ́rà Rolleiflex ní ilẹ̀ Yorùbá. Àyà tàbí ikùn ni wọ́n ń gbé irú rẹ̀ sí, tí wọ́n á sì tẹrí ba wò ó, ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn inú àwòrán rẹ̀ fi sábà ga ju ojú kámẹ́rà lọ. Kámẹ́rà tó wo Bàbá láti òkè ń tẹ́ wọn. Nítorí náà, bí Bàbá bá jókòó, kí ayàwòrán jókòó tàbí kó kúnlẹ̀. Lẹ́ǹsì 50mm á fi ojú wọn sílẹ̀ bó ṣe rí. 24mm tí a gbé sún mọ́ wọn á fẹ imú wọn, á sì sọ wọ́n di ẹlẹ́yà. Ihò f/4 ló yẹ lójú mi níbẹ̀, kí fọ́tò ara ògiri lè hàn díẹ̀, torí pé ẹ̀rí ni fọ́tò náà pẹ̀lú.

Ìrìn àti omi tó ń já bọ́

Nígbà tí Túndé Kèlání ṣe fíìmù Arugbá, tó jáde ní 2008, àròsọ ló ń ṣe, ó sì lè ní kí òṣèré tún ìrìn rìn. Ẹni tó ń ya Arugbá gidi, ọmọbìnrin tó ń ru igbá ẹbọ lọ sí odò nígbà ọdún Ọ̀ṣun, kò ní àǹfààní yẹn. Ó gbọ́dọ̀ ti pinnu kí igbá tó jáde ní ààfin. Ṣọ́tà 1/50 á fi ìrìn náà hàn bí ìrìn. 1/500 á mú un gbọ̀n, á le koko, bí ẹni pé ìjà ló ń ṣẹlẹ̀. Bí a bá yà á ní àwòrán 100 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan kí a lè fà á lọ́ra, á dà bí àlá, a ó sì pàdánù ohun tó ṣe pàtàkì jù: ọ̀nà gùn, igbá wúwo, èrò ń fún un mọ́, kò sì gbọdọ̀ kọsẹ̀. Lẹ́ǹsì 35mm láti àárín èrò ń sọ pé a wà pẹ̀lú wọn. 200mm láti òkè ilé a máa fún èrò pọ̀ ju bí wọ́n ṣe fún pọ̀ lọ. Ohun tí a kò gbọdọ̀ yà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tó ni ọdún ló sì mọ̀ ọ́n. Ká bi wọ́n léèrè ṣáájú.

Ní Olúmirin, omi tó ń já bọ́ ní ìpele méje ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ṣọ́tà 1/1000 á dá ẹ̀kán omi dúró lófuurufú, agbára rẹ̀ á hàn. 1/50 pẹ̀lú gíláàsì dúdú lójú lẹ́ǹsì á jẹ́ kó ṣàn, kó tuni lára. Fíìmù nípa ewu àpáta nílò ti àkọ́kọ́, ti ìsinmi nílò èkejì.

Àwọ̀ omi Ọ̀ṣun

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni odò. Orí omi Ọ̀ṣun wà ní ilẹ̀ Èkìtì. Ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó dé Òṣogbo, ó sì ń bá a lọ títí dé ọ̀sà. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti ń wa góòlù ní agbègbè Iléṣà, títí di òní sì ni àwọn awakùsà ń gbẹ́ ilẹ̀ ní Ìtàgùnmódì àti àyíká rẹ̀. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, omi Ọ̀ṣun pọ́n bí ẹrẹ̀. Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu omi náà.

Ẹni tó bá fẹ́ fi fíìmù sọ ìtàn yìí ní láti mọ̀ pé kámẹ́rà rẹ̀ lè parọ́ sí ọ̀nà méjèèjì. Bí omi tó pọ́n bá kún inú àwòrán, white balance ọ́tò á rò pé àṣìṣe àwọ̀ ni, á fà á sí búlúù, omi á sì mọ́ ju bó ṣe wà lọ. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ á fi pupa kún un, omi á sì burú ju bó ṣe wà lọ. Bí a bá wò ó láti ìsàlẹ̀, sánmà ló ń hàn lójú omi. Bí a bá wò ó láti orí afárá, ẹrẹ̀ la ń rí. Gíláàsì polarizer a máa yọ ìdán sánmà kúrò, ohun tó wà nínú omi á sì jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe ìpolówó fún àwọn arìnrìn-àjò tàbí kó dẹ́rù ba ará ìlú lè rí omi tó fẹ́, láìfi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Ẹni tó fẹ́ fi gààrí ọjà méjì wéra kì í fi kóńgò ńlá wọn ọ̀kan, kí ó fi kékeré wọn èkejì. Bákan náà ni kí a ṣe omi. Kí white balance dúró sí 5600 níbi gbogbo. Kí a gbé káàdì eérú síwájú kámẹ́rà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Kí agogo tí a yà á, gíga kámẹ́rà, ihò, ṣọ́tà, ISO àti polarizer jẹ́ ọ̀kan náà ní odò Ìtàgùnmódì, ní ibi tí omi ti kọjá lábẹ́ títì, àti ní ojúbọ nínú igbó. Nígbà ẹdíìtì, a kò gbọdọ̀ tún àwọ̀ ọ̀kan ṣe kí a fi ìyókù sílẹ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ tó bá wà láàrin àwọn omi náà á jẹ́ ti omi, kò ní jẹ́ tiwa.

Àwọn awakùsà náà yẹ kí a fi ojú ènìyàn wò. Dúróònù á fi bí wọ́n ṣe gbẹ́ ilẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n láti òkè yẹn àwọn ọ̀dọ́kùnrin inú kòtò kò ju ààmì lọ. Kí a sọ̀ kalẹ̀, kí a fi f/5.6 yà wọ́n kí ojú wọn àti kòtò náà lè wà nínú àwòrán kan, kí ẹni tó ń wò lè rí iṣẹ́, rí ìṣẹ́, rí ìpalára, kó sì fúnra rẹ̀ dájọ́.

Ní àwọn ọdún 1960, Frank Speed bá Ulli Beier ya fíìmù nípa àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìlú náà ṣe rí nígbà náà ń wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń wo ìwé ẹ̀rí. Tiwa náà á di bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ odò. Nítorí náà, kí ẹni tó ń ya dọ́kúmẹ́ńtárì ní ìwé tó ń kọ ètò kámẹ́rà rẹ̀ sí lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìdí tó fi yàn án. Kó tọ́jú àwòrán àkọ́kọ́ tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Kó sì gbé iṣẹ́ náà padà sí Òṣogbo, sí Iléṣà, sí Ìtàgùnmódì kó tó gbé e síta, kí àwọn tó yà wò ó. Bí wọ́n bá bi í pé, "Ṣé bí iná wa ṣe rí nìyí? Ṣé bí omi wa ṣe pọ́n tó nìyí?", ó yẹ kó lè ṣí ìwé náà, kó sì dá wọn lóhùn.